Òwúrọ̀ Yìnyín Tí Mo Pọ̀n Ọmọ Lọ Wáṣẹ́

Òórùn kọfí àti ti aṣọ olówùú tó rin fún omi ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí. Ní Collegno, ní ìwọ̀ oòrùn Torino ní orílẹ̀-èdè Ítálì, níbi tí à ń gbé, ilé kọfí kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì ilé-ìwé. Bí yìnyín bá já lóru, àwọn òbí á kó ara wọn jọ síbẹ̀ ní òwúrọ̀ pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ àti sikáàfù, èéfín á máa rú lẹ́nu oníkálukú, wọ́n á máa fi bàtà gbá ilẹ̀ kí ẹsẹ̀ wọn má baà kú. Èmi tí mo dàgbà ní Ìbàdàn, níbi tí òtútù jẹ́ ọ̀rọ̀ ọyẹ́ ọ̀sẹ̀ díẹ̀, n kò rò pé òórùn aṣọ tútù lè di ohun tí ọkàn mi á máa fà sí láé.

Lọ́dọọdún, bí òtútù bá ti ń wọlé, ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn òbí máa ń gbé dìde. Bí yìnyín bá já, ṣé kí ilé-ìwé pẹ́ ṣí ni, àbí kí wọ́n ṣí i lásìkò? Mo ti gbọ́ ẹjọ́ náà tọ̀tún-tòsì débi pé mo lè rò ó lójú oorun. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ yóò ní ọ̀gá òun kò mọ ohun tó ń jẹ́ yìnyín. Ẹni tí ìyá rẹ̀ ti yọ̀ ṣubú rí yóò ní eegun kì í ṣe ohun tí à ń rà lọ́jà. Ọmọ mi ti kúrò nílé-ìwé náà tipẹ́, ṣùgbọ́n mo ṣì máa ń lọ sí ìpàdé àwọn òbí; èmi kì í sábà bá wọn fà á. Kì í ṣe pé n kò ní èrò. Ìtàn ni èrò tèmi, ó sì pẹ́ kí n tó lè sọ ọ́ láìdúró lágbedeméjì.

Ọmọ wa obìnrin, tó wà ní yunifásítì ní Padova báyìí, jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún nígbà náà, ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi ló ń lọ. Ìyàwó mi, tó ti di olóògbé báyìí, ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan nínú Torino. Èmi tí mo gboyè nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ ní ìlú yẹn kan náà, páálí ni mò ń gbé ní ilé ìkẹ́rùsí kan. Mo ti wáṣẹ́ wáṣẹ́ títí ó fi sú mi, kí ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe ẹ̀rọ tó pè mí fún colloquio, pé kí n wá jókòó níwájú àwọn ní aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀, kí wọ́n fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò. Àwa méjèèjì mọ̀ pé bí eléyìí bá bọ́ lọ́wọ́ wa, ìdí páálí ni màá tún padà sí, kò sì sí ẹni tó lè sọ ìgbà tí ẹlòmíràn á tún pè mí. Ètò wa kò sì le rárá. Màá fi ọmọ sílẹ̀ nílé-ìwé, màá wọ metro, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ tó ń lọ sí Torino, ìyàwó mi á ti ibi iṣẹ́ bọ̀ wá sùn.

Ọmọ ló jí mi. Ó dúró lójú fèrèsé, ó ń fò sókè sódò, ó ń fi èdè wọn pe yìnyín: "Papà, la neve! La neve!" Mo wò síta, mi ò sì rí ọkọ̀ àwọn aládùúgbò mọ́, òkìtì funfun ni gbogbo wọn. Ó yẹ kí ẹ̀rù bà mí, ṣùgbọ́n kí n sọ òtítọ́, èmi náà fò. Mo wọ kóòtù dúdú tí mo wọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, mo so táì, mo wọ piumino lé e, ìyẹn kóòtù nínípọn tí gbogbo wa ń wọ̀ níbẹ̀ nígbà òtútù, a sì jáde. Ọmọ ń sáré níwájú, ó ń fi ahọ́n gba yìnyín. Inú mi ń dùn ṣìnkìn, bí ẹni pé wọ́n ti gbà mí síṣẹ́.

Ìgbà tí a dé géètì ni ojú mi là. Wọ́n tì í gbọin. Wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ ní ìdájí sórí fóònù àwọn ìyá pé aago mẹ́wàá ni àwọn yóò ṣí. Àwọn ìyá ni mo wí. Nọ́ńbà ìyàwó mi ló wà nínú ẹgbẹ́ WhatsApp yẹn, fóònù rẹ̀ sì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù níbi iṣẹ́, nítorí a kì í mú fóònù dání bí a bá ń wẹ arúgbó. Bàbá ará ilé wa wo ló ń wà nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá?

Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kò dé etí wọn bíi tèmi ti ń jà níwájú géètì. Bàbá àgbà kan tó mú ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá ń pariwo pé, "Nígbà tiwa, yìnyín dé ìbàdí, a sì lọ!" Obìnrin tó ń fi ṣọ́bìrì kó yìnyín lójú ọ̀nà ilé-ìwé kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Ó dáa, nonno. Ẹ wá gba ṣọ́bìrì yìí, kí ẹ kó èyí tó dé ìbàdí fún mi." Ìyá kan tó wọ sikáàfù pupa gígùn ń rojọ́ fún ọ̀gá rẹ̀ lórí fóònù, ó ń forí balẹ̀ bí ẹni pé ọ̀gá náà ń rí i. N kò mọ ẹnì kankan níbẹ̀ dé ibi tí mo lè fi ọmọ sílẹ̀ fún. Mo pe ìyàwó mi. Ọlọ́run ṣe é, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde.

"Tram tí mo máa ń wọ̀ ò ṣiṣẹ́," ó ní. "Ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn."

"Géètì ò ṣí. Aago mẹ́wàá ni wọ́n wí."

Mo ń gbọ́ ìró bàtà rẹ̀ nínú yìnyín. Ó wá ní, "Ẹ gbé e pọ̀n."

"Kí n kí ni?"

"Ẹ gbé ọmọ yín pọ̀n. Bó bá fẹsẹ̀ rìn, eré ni á máa ṣe, ẹ ò ní dé metro dòní dọ̀la. Ìró mi wà nínú báàgì rẹ̀, èyí tó fi ń bora sùn lọ́sàn-án. Ẹ máa bọ̀ ní ilé-iṣẹ́ yẹn. Màá bá yín lẹ́nu ọ̀nà, màá gbà á kí wọ́n tó pè yín wọlé."

Mo yọ ìró. Ìró àdìrẹ ni, òórùn òrí ìyàwó mi ṣì wà lára rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀, ọmọ gun ẹ̀yìn mi tìdùnnútìdùnnú, mo ju ìró lé e, mo fà á sábẹ́ abíyá méjèèjì, mo ki etí rẹ̀ bọ àyà gẹ́gẹ́ bí mo ṣe rí i lára ìyá mi. Mo dìde. Ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń sọ̀kalẹ̀ láti orí ọ̀pẹ, ó ń rẹ́rìn-ín, títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi kan yìnyín.

"Ó ti bọ́," mo wí sínú fóònù.

"Ẹ pọ̀n ọ́n lé orí piumino, àbí? Dádì! Ta ló ń pọ̀n ọmọ lé orí ọ̀rá? Ẹ bọ́ ọ. Ara ni à ń pọ̀n ọmọ mọ́. Bí ẹ bá dè é tán, kí ẹ wọ kóòtù yẹn bo ẹ̀yin méjèèjì."

Mo bọ́ piumino nínú òtútù yẹn. Ìyá onísikáàfù pupa ti parí ẹjọ́ rẹ̀, ó ń wò mí. Láìbéèrè, ó wá di etí ìró kan mú fún mi. Mo ní kó fà á le. Ó fà á. Ìyàwó mi ń ké nínú fóònù pé ọ̀já ńkọ́, mo sì fi èdè wọn ṣàlàyé fún obìnrin náà pé ó yẹ kí nǹkan kan tún wà nísàlẹ̀, lábẹ́ ìdí ọmọ. Ó tú sikáàfù pupa náà lọ́rùn rẹ̀, ó sì fi gbà mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbàdí, ó ta á ní kókó bí ẹni tó ti ń ṣe é láti ìgbà èwe. Wọ́n bá mi gbé piumino wọ̀. Orí ọmọ yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn mi. Bàbá àgbà tó ń jà lẹ́ẹ̀kan ní, "Kangaroo tó wọ àpò sẹ́yìn!" Gbogbo ẹnu géètì bú sẹ́rìn-ín. Ẹni tó ń kó yìnyín na ṣọ́bìrì rẹ̀ sókè fún mi bí ẹni ń kí ọ̀gágun.

Bí mo ṣe rìn lọ sí metro nìyẹn. Mo fẹ́ kí ó yé yín bí ó ti dùn tó. Yìnyín ṣì ń já, ọ̀nà dákẹ́, èémí ọmọ gbóná létí mi, ó ń pàṣẹ fún mi pé, "Più veloce, papà!" mo sì ń yára. Nínú ọkọ̀, ọmọ Yorùbá kan tó wọ aṣọ iṣẹ́ wò mí láti òkè délẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ nínú èrò, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọmọ o! Ìyá ọmọ ti fi yín joyè." Mo ní, "Oyè ọ̀hún wúwo o." Ó ní, "Ẹ má sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ṣáá."

Mo dé ilé-iṣẹ́ náà ṣáájú àkókò. Ọ̀dọ́mọbìnrin tó wà nídìí tábìlì ìgbàlejò wò mí, ó wo orí kejì tó yọ lọ́rùn mi. Ó ní ìyáàfin tó fẹ́ rí mi kò tíì dé. Ilé-ìwé àwọn ọmọ tirẹ̀ náà ni kò tètè ṣí. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹnu ko ilẹ̀. Kí ọkàn yín lè balẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí: obìnrin náà dé pẹ̀lú bàtà tó kún fún omi, ó ń tọrọ gáfárà, ó bá mi sọ̀rọ̀ dáadáa, wọ́n sì gbà mí. Ibẹ̀ ni mo ṣì wà di òní. Ṣùgbọ́n kí ó tó dé ni ohun tí mo fẹ́ sọ ti ṣẹlẹ̀.

Mo dúró níbẹ̀, n kò lè jókòó nítorí ọmọ ti sùn lẹ́yìn mi. Ilẹ̀kùn onígíláàsì ṣí, ìyá arúgbó kan wọlé. Ó fọwọ́ di ìbàdí, ó ń mí hẹlẹ, irun orí rẹ̀ funfun báláú, ìpéǹpéjú rẹ̀ funfun. Mo fẹ́ tẹríba kí n kí i. Ó gbójú sókè, mo sì rí i pé ìyàwó mi ni. Ìrìn ti mú un gbóná, ó ti bọ́ fìlà, yìnyín sì ti jókòó sórí irun rẹ̀ tó gé mọ́lẹ̀.

"Kí lẹ̀ ń wò?"

"Ìwọ ni. O ti darúgbó."

Ó wò mí, ó wo ẹ̀yìn mi. "Ẹ̀yin náà ti di abuké."

Ó rí ara wa méjèèjì nínú gíláàsì ilẹ̀kùn, ó fà mí lọ́wọ́ kí n wò ó: bàbá abuké àti ìyá onírun funfun. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa, à ń fọwọ́ bo ẹnu kí ọmọ má baà jí. Ó ní, "Àgbà yẹ wá o." Ooru inú ilé náà mú yìnyín, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ láti etí rẹ̀, irun dúdú ń padà wá. Mo fọwọ́ kan èyí tó kù níwájú orí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a tú ìró, ó gba ọmọ.

Irun rẹ̀ dúdú kirikiri lọ́jọ́ tí a sin ín. Kò sí ewú kan. Àwọn tó wá bá mi dárò ń sọ pé ó lọ ní kékeré, pé a kò rí àkókò jọ darúgbó. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, n kò bá wọn jiyàn.

Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn òbí bá ń dìbò lórí ọ̀rọ̀ yìnyín, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ wákàtí méjì tí ilé-ìwé jí gbé lọ́wọ́ wọn, èmi máa ń nawọ́ sókè pé kí wọ́n pẹ́ ṣí. Bí ẹnì kan bá bi mí, mo máa ń ní nítorí ewu ojú ọ̀nà ni. Òótọ́ sì ni, ewu wà lójú ọ̀nà. Àmọ́ nínú wákàtí méjì yẹn ni àwa méjèèjì ti jọ gbó.