Èkuru Ìyá Ìfọ́n àti Abẹ́rẹ́ Rísíkátù

Ọdún méjì péré ni Rísíkátù fi jù mí lọ, nítorí náà n kì í pè é ní ẹ̀gbọ́n àfi tí mo bá fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Aránṣọ ni ní Ìlọ́bù. Láti kékeré ló ti sanra jù mí lọ, aṣọ tó bá sì há a mọ́ra ló ń di tèmi. Bí mo ṣe jáde ìwé mẹ́fà nìyẹn láìwọ aṣọ kan tó bá mi mu rí. Mo ṣì máa ń fi bú u títí dòní.

Ọmọ Ìlọ́bù ni bàbá wa, ọmọ Ìfọ́n ni ìyá wa. Nígbà tí ìyá wa kú, ẹ̀gbọ́n wọn, Mọ́ládùn, tá a ń pè ní Ìyá Ìfọ́n, ló wá kó wa lọ́dọ̀ bàbá wa. Ọdún mẹ́jọ la lò lọ́dọ̀ wọn. Sátidé ni ọjọ́ èkuru nílé náà. Àwa méjèèjì á bó ẹ̀wà, Ìyá Ìfọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á pọ́n ọn séwé, wọ́n á gbé e kaná, wọ́n á wá máa din ata nínú epo pupa. Tí òórùn epo yẹn bá ti gba ẹ̀yìnkùlé kan, a ò ní gbọ́ ohun tẹ́nikẹ́ni ń wí mọ́. Abọ́ kan ṣoṣo la jọ ń yí ká. Rísíkátù ló máa ń ha ìdí abọ́, kò sì sẹ́ni tó lè bá a dù ú.

Ìyá Ìfọ́n ní àṣà kan. Tí àlejò bá wá, wọ́n á kọ́kọ́ bu díẹ̀ nínú oúnjẹ náà sẹ́nu lójú rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e síwájú rẹ̀, kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀ pé kò sí ohunkóhun níbẹ̀. Mo bi wọ́n lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tí wọn kì í tọ́ tiwa wò. Wọ́n wò mí tìyanu-tìyanu.

“Àlejò là ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Ṣé àlejò ni yín ni?”

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi nínú lọ́jọ́ náà ju èkuru lọ. Ọmọ tí ò níyàá nílé ni mí, ẹnì kan sì ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi pé mo nílé ni.

Nígbà tí Rísíkátù pé ọmọ àádọ́ta ọdún, orúnkún rẹ̀ ò gbé e mọ́, wọ́n sì tún rí àtọ̀gbẹ lára rẹ̀. Dókítà kan ní Òṣogbo ló kọ abẹ́rẹ́ fún un, èyí tí yóò máa gún ara rẹ̀ níkùn lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ kó lè fọn. Abẹ́rẹ́ náà rí bíi bírò, inú fíríìjì ló sì gbọ́dọ̀ máa wà. Pẹ̀lú iná mànàmáná tiwa yìí, inú fúláàsì tó kún fún omi dídì ló ń gbé ju fíríìjì lọ.

Abẹ́rẹ́ náà ṣiṣẹ́. Láàárín oṣù mẹ́wàá, kílò mẹ́tàlélógún ti lọ lára rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló fún aṣọ ara rẹ̀ mọ́ra, kò sì gé ìyókù sọnù, ó kàn ká a sínú ni, torí kò gbà pé ara náà lọ pátápátá. Ó ń gun àtẹ̀gùn, ó ń kírun láìjókòó lórí àga. Ṣùgbọ́n tó bá ti jẹ ẹnu mẹ́ta, ó tán. Tó bá fi tipátipá jẹ ìkẹrin, yóò bì í. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan, bó ṣe ń wa ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lọ, pé òun ò mọ̀ pé èèyàn lè ṣàárò ebi. Mo fẹ́ fi í rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí ojú rẹ̀.

Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Àwọn oníbàárà ti ń kí i ní “ẹ pẹ̀lẹ́” bí ẹni tí wọ́n ń kí ní ọsibítù, òun náà a ní ààwẹ̀ lòun ń gbà. Ó mú kí n fi Àlùkùránì búra pé n ò ní sọ. Ìgbéraga rẹ̀ nìyẹn, ara rẹ̀ fọn ṣùgbọ́n ìyẹn ò fọn.

Ìjà ilẹ̀ Ìlọ́bù àti Ìfọ́n ti wà kí wọ́n tó bí wa. Nígbà tó tún ru sókè lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀nà dí, ó lé lọ́dún kan tá a fi ń gbọ́ ohùn Ìyá Ìfọ́n lórí fóònù nìkan. Ní Ìlọ́bù, mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé kẹ́nikẹ́ni má jẹun ará Ìfọ́n, kó má mu omi wọn. Ó dá mi lójú pé irú ọ̀rọ̀ yẹn náà ni wọ́n ń sọ níbẹ̀ nípa tiwa. Ìbéèrè kan ni Ìyá Ìfọ́n máa ń bi wá lórí fóònù: ìgbà wo lẹ ń bọ̀ wá jẹ èkuru?

A lọ ní Sátidé kan tí ìjà ti rọlẹ̀, tí ọ̀nà sì ti ṣí. Ọjọ́ abẹ́rẹ́ Rísíkátù ni, ó gbé fúláàsì rẹ̀ sínú báàgì, torí a fẹ́ sùn níbẹ̀. Igi àgbálùmọ̀ tá a máa ń sá sábẹ́ rẹ̀ tí òjò bá ká wa mọ́nà kò sí níbẹ̀ mọ́. Ilé ò yí padà, òórùn epo sì ti wà lẹ́yìnkùlé. A kúnlẹ̀. Ìyá Ìfọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún, wọ́n di apá Rísíkátù mú, wọ́n tún dì í mú, bíi pé wọ́n ń wá ìyókù rẹ̀.

Abọ́ náà dé. Mo rí i tí Rísíkátù yí imú kúrò, abẹ́rẹ́ náà kì í jẹ́ kó lè gba òórùn epo mọ́ra. Dípò kó sọ òótọ́, ó ní, “A ti jẹun ká tó kúrò nílé, mà.”

Irọ́ ni. Ìyá Ìfọ́n mọ̀ pé irọ́ ni, torí wọ́n gbọ́ bí ikùn tèmi ṣe ń kùn. Wọn ò bínú. Wọ́n kàn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n fi ìka bu èkuru sẹ́nu lójú wa, wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n gbé e mì.

“Ẹ jẹ ẹ́. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.”

Ẹkún gbọ̀n mí. Gbogbo ohun tí mo ní nínú ilé yẹn ló ń bọ́ lọ lọ́wọ́ mi, n ò sì lè sọ̀rọ̀ nítorí mo ti búra. Mo kórìíra Rísíkátù díẹ̀ ní ìṣẹ́jú yẹn.

Òun náà rí i. Ó ṣí báàgì, ó yọ abẹ́rẹ́ nínú fúláàsì, ó ká bùbá sókè, ó gún ara rẹ̀ níkùn lójú Ìyá Ìfọ́n.

“Kì í ṣe oúnjẹ yín ni mo kọ̀, Ìyá. Nǹkan yìí ló gba ebi lọ́wọ́ mi. N kì í lè jẹ ju ẹnu mẹ́ta lọ, nílé ara mi náà.”

Ìyá Ìfọ́n bi í bóyá ó dùn ún. Ó ní rárá. Wọ́n ní àwọn ti rò pé àwọn ará Ìlọ́bù ti fi oúnjẹ àwọn dẹ́rù bà wá ni. Wọ́n fi omi ṣanwọ́. Wọ́n yan ibi tí epo kò tí ì kàn, wọ́n rún èkuru, wọ́n mọ ọ́n ní mẹ́ta kéékèèké, bí èyí tí wọ́n ń mọ fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hu eyín. Ẹ̀gbọ́n mi, obìnrin ọdún méjìléláàádọ́ta, ya ẹnu.

Ẹnu mẹ́ta náà lọ wọ́ọ́rọ́, èmi ni mo ha ìdí abọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n kí èyí àkọ́kọ́ tó dé ẹnu rẹ̀, ọwọ́ Ìyá Ìfọ́n ni mo ń wò. Wọn ò tọ́ ọ wò.