Àádọ́ta Gíráàmù Tó Dín Nínú Àpótí Ìlaròó

Ọdún tí ìjọba ti ẹnubodè pa ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀, nígbà tí àwọn aláyẹ̀wò pọ̀ lójú ọ̀nà Ìlaròó sí Ayétòrò débi pé ẹni tó gbé àpò ìrẹsì kan ṣoṣo ń gbọ̀n bí ẹni tó gbé òkú. Òjò ọdún náà kò tíì dá. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ wà nínú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ lónìí, tí ẹ ń rí i tí wọ́n ń gbé àpótí ìbò sórí òṣùwọ̀n kí wọ́n tó ṣí i, ẹ máa ń bi mí pé ta ló dá àṣà yẹn sílẹ̀. N ó sọ fún yín. N ó sì sọ èyí tí ẹ kò bèèrè pẹ̀lú.

Èmi ni mo ń tẹ̀wé ní iléèwé gíga wa ní Ayétòrò nígbà náà. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ bébà. Ara páálí tí wọ́n fi ń di rímù ni mo ti ń kà á, ìka ọwọ́ mi sì kọ́ mi ní ìyókù. Bébà tí a ń pè ní ọgọ́rin, inú ìwọ̀n rẹ̀ ni orúkọ yẹn ti wá: ẹ tẹ́ ẹ kó gùn ní mítà kan, kó fẹ̀ ní mítà kan, ọgọ́rin gíráàmù ni yóò wọ̀n. Ewé kan tí a fi ń kọ lẹ́tà jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún rẹ̀, ìyẹn gíráàmù márùn-ún. Ẹ gé ewé náà sí méjì, ó di gíráàmù méjì àbọ̀. Àwọn ènìyàn máa ń wá ọ̀nà sá bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Ẹnì kan ṣoṣo ni kì í sá.

Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ni, ìmọ̀ okòwò ló ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe inú ìwé ló ti bẹ̀rẹ̀ ayé. Ọdún mọ́kànlá ló fi wọ aṣọ aṣọ́bodè ní Ìdí-Ìrókò. Nígbà tó fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀, ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì kan gbà á pé kó máa ṣọ́ ẹnu géètì, níbi tí wọ́n ti ń wọn ọkọ̀ ajàgbé. Ó dìde níbẹ̀ títí tó fi di ọ̀gá lórí gbogbo ọkọ̀ tí ń kó ẹrù jáde. Ọjọ́ Sátidé ló fi ń kàwé, títí tó fi gboyè ọ̀mọ̀wé, tó wá kúrò nínú eruku sìmẹ́ǹtì bọ́ sínú eruku ṣọ́ọ̀kì. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan fi ìwà kan sí i lára. Láti bodè, kì í gba ohunkóhun tí kò ní èdìdì. Láti ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì, kì í gba ohun tí kò wọ̀n. Láti iléèwé, kì í gba ohun tí a kò kọ sílẹ̀.

Ọ̀gá Bọ́dà ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é lẹ́yìn. Wọn kò fọkàn tán an. Nígbà tí wọ́n fi í ṣe alága ìdìbò ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, Màmá Bọ́sẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkàwé, ẹni tí a fẹ́ kó di alága ẹgbẹ́, pè mí sẹ́yìn ilé ìtẹ̀wé.

“Ẹni tó bá ti wọ aṣọ ìjọba rí,” ó ní, “ọwọ́ ìjọba kì í kúrò lára rẹ̀. Ìwọ tó o máa ń bá a sọ̀rọ̀ bébà, ṣọ́ ọ fún mi.”

Mo ní mo ti gbọ́. Ẹ̀rù ń bà mí, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Kásúà ni mí. A jẹ́ mọ́kànlá: agbálẹ̀, olùṣọ́gbà, èmi atẹ̀wé. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń tún orúkọ wa kọ, a kò sì lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò. Màmá Bọ́sẹ̀ ti búra pé bí òun bá wọlé, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí òun yóò ṣe ni kí wọ́n fún wa ní ìwé ìgbàsíṣẹ́ tòótọ́. Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé tó ń bá a du ipò, ọ̀rẹ́ àwọn aláṣẹ ni. Ó ti sọ ní gbangba pé iléèwé kì í ṣe ilé ìtọ́jú aláìní. Bó bá wọlé, a ti lọ nìyẹn.

Níbi ìdìbò tó ṣáájú, ìjà ló tú u ká. Bí wọ́n ṣe ṣí àpótí ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í já ìwé ìbò gbà lọ́wọ́ ara wọn. Ìdí nìyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n fi pe àwọn olùdíje méjèèjì, tó ní bí wọ́n ti ń ṣe ọkọ̀ sìmẹ́ǹtì ni a ó ṣe àpótí. A ó wọ̀n ọ́n lófìfo, a ó wọ̀n ọ́n pẹ̀lú ẹrù, a ó sì mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Èyí tí òṣùwọ̀n bá kọ̀, a kò ní ṣí i, ìbò inú rẹ̀ ti ṣòfò. Ẹnì kan bèèrè pé ṣé àgbàdo la fẹ́ tà ni. Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Màmá Bọ́sẹ̀ àti Ṣówándé fọwọ́ sí i. Ẹ̀ka ìmọ̀ ọ̀gbìn ni wọ́n ti yá òṣùwọ̀n, èyí tí wọ́n fi ń wọn irúgbìn.

Ọ̀jọ̀gbọ́n wá bá mi ní ilé ìtẹ̀wé. Mo ti gé ìwé ìbò ti Ayétòrò tán. Ó ka mẹ́wàá, ó gbé e sórí òṣùwọ̀n. Gíráàmù márùndínlọ́gbọ̀n. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì ní, “Ọwọ́ rẹ mọ́.” Inú mi dùn.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí mo fẹ́ gé ti ẹ̀ka wa ní Ìlaròó, rímù ọgọ́rin tán. Láti gba òmíràn, ènìyàn mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù, kásúà tó bá sì ń gba fọ́ọ̀mù lemọ́lemọ́, wọn yóò ní afiṣòfò ni. Oṣù tí wọ́n fẹ́ tún orúkọ wa kọ nìyẹn. Mo wo ẹ̀gbẹ́ ògiri, mo rí rímù bébà àádọ́rin tí a fi ń ṣe fọtokópì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ojú kò lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀, ìka nìkan ló lè mọ̀ ọ́n. Mo fi gé gbogbo ti Ìlaròó. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ní nínú ara mi pé ìbò ni ìbò.

Ọjọ́ ìdìbò pé. A ti wọn àpótí Ayétòrò, ó pé régé. A ti ka ìbò inú rẹ̀, Màmá Bọ́sẹ̀ sì fi mọ́kànlélọ́gbọ̀n ṣáájú. Ti Ìlaròó ni a ń dúró dè. Awakọ̀ iléèwé, Bàbá Ìdógò, àgbàlagbà jẹ́jẹ́ tí a fi orúkọ ìlú rẹ̀ ń pè, ló lọ gbé e. Ó yẹ kó ti dé ní aago méjì, aago mẹ́rin kọjá kó tó wọlé. Ó ní ibi mẹ́rin ni wọ́n ti dá òun dúró, pé níbi kẹta, sójà kan gbé àpótí sí etí, ó mì ín. Èdìdì orí rẹ̀ kò já.

Orúkọ ọgọ́jọ ni wọ́n ti fàmì sí nínú ìwé Ìlaròó. Ọgọ́jọ lọ́nà méjì àbọ̀, irinwó gíráàmù nìyẹn. Ọ̀jọ̀gbọ́n gbé àpótí lé òṣùwọ̀n, ó yọ ìwọ̀n àpótí òfìfo kúrò. Ó tún un gbé. Ó tún un gbé lẹ́ẹ̀kẹta.

“Ọ̀ọ́dúnrún ó lé àádọ́ta,” ó ní. “Àádọ́ta gíráàmù ló dín.”

Ẹnì kan ṣírò rẹ̀ kíákíá pé ogún ìwé nìyẹn. Ariwo sọ. Àwọn tiwa ní wọ́n ti yọ ogún ìbò Màmá Bọ́sẹ̀ lójú ọ̀nà.

Èmi kò ṣírò ogún. Àádọ́ta nínú irinwó, ìdá kan nínú mẹ́jọ ni. Àádọ́rin sí ọgọ́rin, ìdá kan nínú mẹ́jọ ló fi dín. Kò sẹ́ni tó yọ ohunkóhun. Bébà mi ni.

Ìyá Rótìmí, agbálẹ̀, kásúà bíi tèmi, dúró tì mí. Ó di ọwọ́ mi mú. “Ọlọ́run ti bá wa ṣe é,” ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́. “Bí wọ́n bá fagi lé ti Ìlaròó, a ti wọlé nìyẹn.” Òótọ́ ló sọ. Ọwọ́ rẹ̀ le bí pákó látàrí ọdún mẹ́sàn-án tó ti fi ń fọ ilẹ̀ gbọ̀ngàn yẹn. Mo pa ẹnu mi mọ́.

Wọ́n ti ká Bàbá Ìdógò mọ́ ẹ̀gbẹ́ ògiri. Wọ́n ń bi í pé èló ni Ṣówándé fún un. Ó ń sọ pé òun kò mọ nǹkan kan. Ẹnì kan ṣí fìlà lórí rẹ̀, ó jù ú sílẹ̀. Òmíràn gbá a létí. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wa, wà lójú fèrèsé, ó ń wò ó. Kò sunkún. Ó kàn ń sọ léraléra pé, “Bàbá mi kì í jalè.” Mo gbọ́ ọ. Mo ń ka orúkọ àwa mọ́kànlá nínú ọkàn mi, mo sì ń sọ fún ara mi pé ìyà ọjọ́ kan kò tó ebi ọdún kan.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ti ń kọ̀wé. Ẹni tí a ní ó jẹ́ ti àwọn aláṣẹ ló jókòó yẹn tó fẹ́ fagi lé àpótí tí yóò gbé ọ̀rẹ́ àwọn aláṣẹ wọlé. Ó fọwọ́ sí i, ó wá na bírò sí mi.

“Ní ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì,” ó ní, “ẹni tó di ẹrù gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pẹ̀lú ẹni tó wọ̀n ọ́n. Ìwọ lo gé bébà. Wá fọwọ́ sí i pé ìwọ̀n mi tọ́.”

Mo gba bírò. Mo gbé e lé orí ìwé náà. N kò lè fà á.

“Ọ̀jọ̀gbọ́n,” mo ní, “bébà Ìlaròó kì í ṣe ọgọ́rin. Àádọ́rin ni. Èmi ni mo fi gé e.”

Ẹnì kan nínú àwọn tiwa ní kí n lọ jókòó, pé iléèwé wo ló kọ́ mi ní bébà. Ọ̀jọ̀gbọ́n mú mẹ́wàá nínú èyí tó ṣẹ́kù ní Ìlaròó, tí wọ́n dì wá lọ́tọ̀, ó wọ̀n ọ́n. Gíráàmù méjìlélógún. Ó fa igi lé ohun tó ti kọ, ó sì sọ sí gbogbo ènìyàn létí pé àṣìṣe òun náà ni, pé inú òkìtì kan ṣoṣo ni òun ti mú mẹ́wàá, òun wá fi ṣe ìdájọ́ òkìtì méjì. Wọ́n ṣí àpótí. Ìwé ọgọ́jọ ló pé síbẹ̀. Ṣówándé fi ìbò mọ́kàndínlógún wọlé. Ìyá Rótìmí ti jáde kó tó di pé wọ́n kà á tán.

Nígbà tí oṣù mẹ́ta náà pé, wọn kò tún orúkọ ẹnì kankan nínú wa kọ.

Ohun tí a jèrè rèé: láti ọjọ́ yẹn, ẹnikẹ́ni kò já ìwé ìbò gbà lọ́wọ́ ẹnìkejì mọ́ nínú ẹgbẹ́ wa. Òkìtì kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń wọ̀n báyìí, ẹni tó gé e sì ń fọwọ́ sí i. Màmá Bọ́sẹ̀ tún jáde du ipò lẹ́yìn àrùn Kòrónà, ó wọlé, ó sì gba mẹ́rin padà nínú àwa mọ́kànlá. Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kékeré ni èmi ń ṣe ní Ìlaròó báyìí. Ìyá Rótìmí lọ sí ìlú Tube, ó ń ta gààrí lẹ́bàá bodè. Kò kí mi mọ́. Ẹgbẹ́ jẹ òun àti àwọn márùn-ún yòókù ní gbèsè, kí ẹ má gbàgbé wọn.

Ọ̀jọ̀gbọ́n pè mí kó tó fẹ̀yìn tì. Ó sọ pé nígbà tí òun wà ní bodè, òun fi ọkùnrin kan jókòó sínú oòrùn láti àárọ̀ di ọ̀sán nítorí òṣùwọ̀n tí kò tọ́, pé nígbà tí òun mọ̀, ọkùnrin náà ti kọjá sí Kútọnu, òun kò sì rí i mọ́ láéláé. “Ìwọ mọ ilé Bàbá Ìdógò,” ó ní.

Mo lọ. Bàbá fún mi ní ìjókòó, ó fún mi lómi. Mo bẹ̀ ẹ́. Ohun kan ṣoṣo ló bi mí: “Nígbà tí wọ́n ń gbá mi létí, ṣé o ti mọ̀, àbí o kò tíì rántí?”

Mo ní, “N kò tíì rántí, Bàbá.”

Ó mi orí. “Kò burú. Ẹni tó gbàgbé kò jẹ̀bi.”

Ọmọ rẹ̀ ti di olùkọ́ ní Òkè-Ọ̀dàn, mo sì mọ̀ pé yóò ka èyí tí mo kọ yìí sí Bàbá létí. Aago kan wà lókè ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn yẹn. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n pe àádọ́ta gíráàmù, aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógójì ni. Nígbà tí mo la ẹnu, ó ku ìṣẹ́jú méje kí aago márùn-ún lù. Bàbá, n kò gbàgbé. Ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún ni.