Fótò ẹbí tí èmi kò sí nínú rẹ̀

Lónìí ni mo mọ̀ pé wọn kò kà mí kún ẹbí nílé ọkọ mi.

Ọkọ mi ra kámẹ́rà tuntun ní Ganhi ní Kútọnu, òun àti lẹ́ńsì méjì. Inú gbogbo ilé dùn, a múra, a tò sí àgbàlá láti ya fótò.

Ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin bá gba ọmọ lọ́wọ́ mi:

"Ìyàwó, bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí o yà wá. Fótò ẹbí ni."

"Tántì, èmi ńkọ́?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi kàn ní kí n lo lẹ́ńsì gígùn, pé ìyẹn ló ń mú ojú èèyàn dáadáa.

Mo yà wọ́n. Mo gbé kámẹ́rà lé e lọ́wọ́, mo gba ọmọ mi, mo tilẹ̀kùn yàrá.

Wọ́n ṣì ń kanlẹ̀kùn báyìí pé kí n wá ya òmíràn.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ṣé ẹ̀yin á ṣí i?