Baba Ìbò-Kan

Ohùn bàbá ìyàwó mi kì í kúrò létí mi. Akọpẹ ni ní Ìkọ̀yà, igbà tó fi ń gun ọ̀pẹ kì í sì í kúrò léjìká rẹ̀, títí kan ọjọ́ ìdìbò ààrẹ. Ẹgbẹ́ kékeré kan ló máa ń dìbò fún, ìbò kan ṣoṣo ni ẹgbẹ́ náà sì máa ń ní ládùúgbò wa. Bí òṣìṣẹ́ tó ń ka ìbò bá ti gbé e sókè báyìí, baba á nawọ́: "Èmi ni mo ni ín!"

Àwọn èèyàn á bú sẹ́rìn-ín: "Baba Ìbò-Kan, ẹ tún ti fi ìbò ṣòfò!"

"Èmi rí tèmi o. Ẹ̀yin ńkọ́?"

Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà, àmọ́ kò sí ọ̀kadà tó bàjẹ́ l'Ókìtìpupa tí n kò lè tún ṣe. Gbajúmọ̀ bíi tèmi kò fẹ́ ẹ̀sín, ẹgbẹ́ ńlá ni mo ń tẹ̀ka fún. Ṣùgbọ́n "Ẹ̀yin ńkọ́?" yẹn kò jẹ́ n gbádùn. Nígbà ìdìbò tó kọjá, mo yọ́ tẹ̀ka fún ẹgbẹ́ baba.

Nígbà tí wọ́n gbé ìbò ẹgbẹ́ náà sókè, baba nawọ́. Òṣìṣẹ́ tún gbé ìwé ìbò míì sókè: "Méjì!"

Èmi ọ̀gá, mo nawọ́: "Èmi ni mo ni ín!"

"Mẹ́ta!"

Kò sẹ́ni tó nawọ́. A bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú ara wa.

Baba rẹ́rìn-ín. "Ẹ fi onítọ̀hún sílẹ̀. Àna mi yìí náà, ó pẹ́ kó tó nawọ́."