Géńdé Ọmọ Ọdún Méjìlá

Ẹ̀gbọ́n méjì ni mo ní, ọkùnrin ni àwọn méjèèjì, èmi sì ni àbíkẹ́yìn. Àkọ́bí là ń pè ní Ráńpẹ́, torí bẹ́ẹ̀ ló rí. Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á rò pé kò ju mẹ́wàá lọ. Ohùn rẹ̀ tín-ín-rín bíi tèmi. Ọmọ ọdún méjìlá ni èkejì, àmọ́ irùngbọ̀n ti ń hù lágbọ̀n rẹ̀, èjìká rẹ̀ ti fẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ti ki débi pé tó bá dáhùn láti inú yàrá, àlejò á rò pé bàbá wa ló ń sọ̀rọ̀. Òun ni gbogbo ilé ń pè ní Géńdé. Wọ́n á pè é tán, wọ́n á rẹ́rìn-ín, òun náà á bá wọn rẹ́rìn-ín. Èmi mọ̀ pé kò dùn mọ́ ọn, torí ó máa ń yọ́ mú abẹ bàbá wa láti fi fá àgbọ̀n rẹ̀, á sì fi ya ara rẹ̀ lójú.

Kò sẹ́ni tó ń ṣe é ní jẹ̀lẹ́ńkẹ́. Bí òun àti Ráńpẹ́ bá jà, òun ni wọ́n máa ń bá wí: "Ìwọ àgbàlagbà yìí, o ò tijú, ò ń bá ọmọdé jà?" Bó bá sunkún, wọ́n á tún ní kí làgbà ń sunkún sí. Mi ò mọ ohun tí wọ́n fẹ́ kó ṣe.

Ọkọ̀ ẹrù ni bàbá wa ń wà kí àrùn rọpárọsẹ̀ tó dá a dùbúlẹ̀. Ó pè wá sídìí bẹ́ẹ̀dì, ó ní, "Àgbà ni yóò lọ ṣiṣẹ́. Kékeré á máa kàwé ẹ̀ lọ." Ọ̀rọ̀ náà yé gbogbo wa. Ráńpẹ́ kó ìwé rẹ̀ sínú àpótí lọ́jọ́ náà gan-an, kò sì ráhùn.

Màmá wa mú un lọ sí ilé búrẹ́dì tó wà ní ìkángun àdúgbò. Ó ní kí Géńdé sin àwọn, kó lè mọ ibi tí yóò máa gbé oúnjẹ lọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Èmi náà tẹ̀lé wọn. Ooru ti pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ọkùnrin tó bọ́ra sílẹ̀ ń fi pátákó ọlọ́wọ́ gígùn ti búrẹ́dì sínú ààrò, fúláwà sì ti kún ìpéǹpéjú wọn.

"Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n lẹ mú wá fún mi," ọ̀gá ibẹ̀ wí. Kò tilẹ̀ wo Ráńpẹ́. Ó gbá Géńdé léjìká. "Ẹ̀gbọ́n, bọ́ síbí. Gbé àpò yẹn kí n rí i."

Géńdé gbé e, torí pé àgbà ló rán an níṣẹ́. Ó sì gbé e dáadáa, ohun tó bà á jẹ́ nìyẹn.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, èmi ni ẹ̀gbọ́n." Ráńpẹ́ ló sọ bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ohùn tín-ín-rín yẹn. Ni gbogbo wọn bá bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní, "Bàbá, ẹ máa rọra o, kí ẹ má lọ já sínú agolo búrẹ́dì!"

Màmá wa wo àpò fúláwà náà, ó wo apá Ráńpẹ́. Ó sọ fún ọ̀gá pé Géńdé á bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ìgbà tá à ń padà bọ̀ wálé ló tó sọ fún Géńdé pé, "Fún ìgbà díẹ̀ ni. Tí ara ẹ̀gbọ́n ẹ bá ti gbó díẹ̀, á gbà á lọ́wọ́ ẹ, ìwọ á padà síléèwé."

Ráńpẹ́ kó ìwé rẹ̀ jáde nínú àpótí, ó padà síléèwé. Ọ̀gá fún Géńdé ní bàtà rọ́bà dúdú kan tí yóò máa wọ̀ ṣiṣẹ́. Bó bá ti dé, á bọ́ ọ síwájú Ráńpẹ́, á ní, "Ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ ká wò ó." Ẹsẹ̀ Ráńpẹ́ á máa yí kiri nínú bàtà. "Kò tíì tó," Géńdé á wí, á sì rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, kò rẹ́rìn-ín mọ́, àmọ́ kò yéé bọ́ bàtà náà síwájú rẹ̀.

Màmá wa wá gbé Ráńpẹ́ lọ bá nọ́ọ̀sì, ó ní kó fún òun ní oògùn tó ń múni ga. Nọ́ọ̀sì ní, "Ìyá, kò sóhun tó ṣe ọmọ yín. Ara ẹlòmíì máa ń tètè bẹ̀rẹ̀, á sì tètè parí. Tẹlòmíì á pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Á ga, ẹ fọkàn balẹ̀." Màmá dúpẹ́, ó mú ọmọ rẹ̀ relé. Kò sẹ́ni tó béèrè nípa èyí tó tètè bẹ̀rẹ̀.

Ọdún tí Ráńpẹ́ pé mẹ́tàdínlógún ló ru sókè. Ṣòkòtò rẹ̀ ń kúrú lára rẹ̀, ohùn rẹ̀ fọ́, ó sì wá ki. Nígbà tó fi máa pé méjìdínlógún, ó ti ga ju Géńdé lọ fíìfíì. Géńdé ní tiẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ga ju bó ṣe wà lọ́jọ́ tó gbé àpò àkọ́kọ́ yẹn lọ. Ọjọ́ tí bàtà náà bá ẹsẹ̀ Ráńpẹ́ mu, ńṣe ni Géńdé sáré jáde, ó ń pariwo káàkiri àgbàlá.

Ìdánwò àṣekágbá Ráńpẹ́ ló kù. Wọ́n ní kó ṣe é tán, kó wá gba iṣẹ́; kí Géńdé ti máa lọ forúkọ sílẹ̀ ní tiẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà yẹn. Kíláàsì tó ti kúrò lèmi náà ń wọ̀ lọ́dún yẹn, mo sì ti ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé màá jẹ́ kó máa wo tèmi kọ. Ó ra ìwé àjákọ tuntun, ó fá àgbọ̀n rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jọ jáde.

Tíṣà tuntun kan ló wà lẹ́nu géètì iléèwé. Ó rí Géńdé, ojú tí ooru ààrò ti sọ di líle, ọwọ́ tó ti bó. Ó tẹrí ba fún un. "Ẹ káàárọ̀, sà. Àwọn ọmọ yín rè é? Ẹ má bínú o, a kì í jẹ́ kí òbí wọlé lásìkò yìí."

Géńdé wo Ráńpẹ́. Èmi náà wò ó. Ohùn ọkùnrin ti wà lẹ́nu rẹ̀ báyìí, kò sẹ́ni tí ìbá fi í rẹ́rìn-ín mọ́. "Àbúrò mi ni, sà." Kò ju kó sọ ìyẹn lọ, àmọ́ kò sọ ọ́. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọjá, wọ́n ń wò wá. Ó sorí kọ́, ó ń wo sálúbàtà rẹ̀.

"Mo kàn sìn wọ́n wá ni," Géńdé wí. Ó ki ìwé àjákọ náà bọ̀ mí lọ́wọ́, ó sì yí padà.

Inú bí mi lọ́jọ́ yẹn, ó sì ń bí mi títí dòní. Ráńpẹ́ yege, ó ríṣẹ́ sí ọ́fíìsì, ó sì ń tọ́jú wa, mi ò lè purọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ kò ki ẹsẹ̀ bọ bàtà yẹn mọ́ láé. Láti ọjọ́ yẹn ló sì ti ń pe Géńdé ní "ẹ̀gbọ́n mi". Ó rò pé òun ń bọlá fún un ni. Gbogbo ayé sì gbà á gbọ́, nítorí ẹ̀yìn Géńdé ti tẹ̀, ewú sì ti gba orí rẹ̀. Ní ilé búrẹ́dì, Bàbá ni wọ́n ń pè é.

Mo lọ ra búrẹ́dì níbẹ̀ láìpẹ́ yìí. Wọ́n ń ké Bàbá síhìn-ín, Bàbá sọ́hùn-ún. Èmi pè é bí mo ṣe ń pè é nígbà tí mo wà ní kékeré: "Ẹ̀gbọ́n mi kejì!"

Ó dáwọ́ dúró lórí pátákó ààrò. Ó wò mí títí.

"Ìwọ nìkan ló kù," ó ní, "tó rántí pé èmi náà ní ẹ̀gbọ́n."