Àwo Ọ̀tọ̀ ní Ilé Gàrí

Òórùn ẹ̀gẹ́ tó kan ni mo kọ́kọ́ gbọ́, kí n tó mọ̀ pé ilẹ̀ ni mo wà. Mo fi ẹ̀gbẹ́ dùbúlẹ̀, gèlè ìyá mi àgbà wà lábẹ́ orí mi, ọwọ́ rẹ̀ wà léjìká mi. Gàrí ń jó nínú agbada, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Gbogbo obìnrin tó ń yan án ti sá bọ́ síta. Wárápá ti gbé mi.

"Ìyá, ẹ fi ṣíbí sí i lẹ́nu!" Obìnrin tó ni agbada ló ń kígbe lábẹ́ igi máńgòrò. "Ẹ má jẹ́ kó gé ahọ́n ara ẹ̀ jẹ!"

"Lọ fi ṣíbí ẹ bu ọbẹ̀ fọ́kọ ẹ," ni ìyá mi àgbà dá a lóhùn. "Ẹni tó bá ki nǹkan bọ ọmọ yìí lẹ́nu, èmi àti onítọ̀hún ni."

Nílé wa ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn, òun ló ń po ògì fún mi láràárọ̀, kí n fi gbé oògùn tí wọ́n fún wa nílé ìwòsàn ní Èjìgbò mì. Oògùn náà ò tíì kápá àrùn yìí tán nígbà yẹn. Bí àrùn náà bá sì dáwọ́ dúró díẹ̀, àwọn aládùúgbò á ní ó ti lọ nìyẹn, kí n sinmi oògùn. Ìyá mi àgbà á ní, "Ẹni tó lé olè jáde, ṣé ó ń ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ ni? Gbé e mì." Nílé gàrí, ìdí asẹ́ ló fi mí sí, jìnnà sí iná àti ọ̀bẹ. Ṣùgbọ́n ó ní mo gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ bí ẹgbẹ́ mi.

Wọ́n padà wọlé díẹ̀díẹ̀. Ẹ gbọ́, àṣà wa níbẹ̀ ni pé gàrí tó bá kọ́kọ́ jáde nínú agbada, inú igbá kan la ti ń rẹ ẹ́, tí gbogbo wa á jọ mu ún. Lọ́jọ́ náà, obìnrin tó ni agbada bu tèmi sínú àwo ike kan tó ti sán, ó fẹsẹ̀ tì í sọ́dọ̀ mi.

"Ẹ má bínú, Ìyá. Ìfófòó ẹnu ẹ̀ ni, kó má lọ ràn wá. Bóyá kó kúkú máa dúró sílé."

Ìyá mi àgbà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó gbé àwo yẹn, ó mu nínú ẹ̀, ó gbé e fún mi. Mo mu. Ó gbà á padà, ó tún mu, ṣọ́ọ̀rọ̀, ṣọ́ọ̀rọ̀, kí wọ́n lè gbọ́.

"Láti ìgbà tí mo ti ń jẹ àjẹkù ọmọ yìí," ó ní, "ta ló ti rí i tí mo ṣubú? Bó bá máa dúró sílé, a jọ máa dúró ni. Ẹ̀gẹ́ oko mi tẹ́ ẹ̀ ń yan náà á sì tẹ̀ lé wa."

Ìyàwó kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Àbíjàn dé ló bú sẹ́rìn-ín. "Pàdọ́ọ̀n, ẹ jọ̀ọ́, Ìyá, ẹ ti fẹ́ dá a mu tán! Ẹ fi díẹ̀ kù fún wa." Ó gba àwo lọ́wọ́ ìyá mi àgbà, ó gbé e kanrí. Obìnrin tó ni agbada pòṣé, ó kẹ̀yìn sí wa. Kò bá wa mu. Ṣùgbọ́n kò gbé àwo ọ̀tọ̀ síwájú mi mọ́.

Irun mi ti funfun báyìí. Mo ṣì ń lo oògùn mi, ó sì ti pẹ́ tí wárápá ti gbé mi kẹ́yìn. Síbẹ̀, mo lè dé ibi tí a ti ń jẹun, kí ẹni tó mọ̀ nípa mi bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwo mìíràn kiri. N kì í bínú, n kì í sì í dìde. Màá fọ ọwọ́ mi, màá nà án sí àwo tó wà láàárín gbogbo wa, màá sì fa òkèlè ńlá.