Àtè Tí Wọ́n Fi Ra Ìyá Rábíù Lórí

Tí mo bá rántí ohun tí wọ́n fi ra Ìyá Rábíù lórí lọ́dún 1981, itọ́ ni mo máa ń tu dànù. Àwáwù lorúkọ rẹ̀, ilé kan náà là ń gbé ní Ṣakí níbí, àgbàdo ló ń tà. Ó ti fún ọmọọmọ rẹ̀ ní oògùn ìpara mu rí, ó rò pé ti ikọ́ ni. Ọlọ́run ló yọ ọmọ náà. Ìyẹn ló gbé e dé kíláàsì àwọn àgbà tí Tíṣà Mákindé ń kọ́, kó lè máa ka ohun tí nọ́ọ̀sì bá kọ mọ́ ìgò.

Ni àwọn dókítà kan bá ti yunifásítì gbé ẹ̀rọ dé. Wọ́n ní ó máa ń wo bí ọpọlọ ṣe ń ṣe wàhálà tó téèyàn bá ń kàwé. Wọ́n tan jẹnẹrétọ̀. Wọ́n ní kí ìyá arúgbó ṣí gèlè lójú ọkùnrin, wọ́n tú irun tí mo fọwọ́ mi dì fún un, wọ́n wá fi àtè kan tó ń yọ̀ bí ikun, tó ń rùn, lẹ wáyà mọ́ ọn lórí káàkiri. Háà! Mo tutọ́ lójú fèrèsé tí mo dúró sí.

Wọ́n gbé ìwé kan lé e lọ́wọ́. "Màmá, ẹ kà á sínú. Ẹ má mira o."

Ta ni wọ́n ń sọ fún? Ilé kéwú lobìnrin yìí ti kọ́ ìwé kíkà ní kékeré. Bí kò bá mì síwá sẹ́yìn, kó gbé ohùn sókè, ojú rẹ̀ kì í rí nǹkan kan. Ló bá ń mì, ẹ̀rọ náà ń kọ gàràgàrà sórí bébà, bí adìẹ tó ń fẹsẹ̀ ha ilẹ̀.

Dókítà kan wo bébà, ó yíjú sí Tíṣà Mákindé. "Wàhálà yìí ti pọ̀ jù fún ọpọlọ rẹ̀. Ó ti gbó. Ẹ má fìyà jẹ ẹ́ mọ́."

"Ẹ̀yin ọmọ yìí," Ìyá Rábíù ní, "ẹ kọ́kọ́ kí mi ná, kí ẹ tó sọ pé mo gbó!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mákindé mọ̀ pé mímì yẹn ló da ẹ̀rọ rú, kì í ṣe ọpọlọ. Ojoojúmọ́ ló ń rí i. Ṣùgbọ́n ó ní, "Yẹ́ẹ̀sì, sà." Ìyẹn ló kó mi nírìíra ju àtè lọ. Ó ní kí ìyá má wá mọ́.

Nílé, mo ń fi ọṣẹ dúdú fọ orí rẹ̀, àtè ò lọ.

"Ìyá Mọ́ládé," ó bi mí, "ṣé kí n jáwọ́ nínú ìwé ni?"

"Jáwọ́ kẹ̀? Ẹ gba ìgò oògùn yìí, ẹ kà á."

Ó dì í mú, ọṣẹ ń hó lórí rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ó ń pariwo: "Fí-fi pa-ra ni. Kì í ṣe mí-mu!"

Èmi tí mi ò kọjá ìwé mẹ́fà ni tíṣà rẹ̀ láti ọjọ́ náà. Tí Mákindé bá ń kí mi lọ́nà, mo máa ń di imú kọjá ni. Òórùn àtè yẹn ni mò ń gbọ́ lára rẹ̀.